Kí ni ọkọ̀ onígbòkun ń fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Nígbà tí ọkọ̀ Tapio Lehtinen, ọmọ ilẹ̀ Finland, rì sínú òkun ní gúúsù ìlà-oòrùn South Africa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Kirsten Neuschäfer, ọmọ South Africa tí wọ́n jọ wà nínú ìdíje Golden Globe, níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń dá fi ọkọ̀ onígbòkun yí ayé ká, yà kúrò lọ́nà rẹ̀, ó sì gbà á là. Àwọn tí ń darí ìdíje náà dá wákàtí 35 padà fún un, wọ́n sì yọ̀ǹda lítà epo 30 fún un gẹ́gẹ́ bí àsandípò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, òun ló gba ipò kìíní. Ọ̀rọ̀ epo yẹn ni ó ń rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú, nítorí pé ìdíje ìgbòkun ni wọ́n pè é.

Ṣé ọkọ̀ onígbòkun tún ń lo ẹ́ńjìnnì ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èyí tí ènìyàn lè sùn sí nínú rẹ̀ ni ó ní ọ̀kan.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe, nígbà tí afẹ́fẹ́ kì í gba owó?

Afẹ́fẹ́ kì í gba owó, ṣùgbọ́n kì í gba àṣẹ pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń wọ èbúté tó há, òun ni wọ́n fi ń sá fún àpáta nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, òun náà ni ó sì ń fi agbára sí bátìrì. Nínú Vendée Globe, ìdíje ìgbòkun mìíràn tí wọ́n fi ń yí ayé ká, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi èdìdì di ọ̀pá tí ń yí abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ́ńjìnnì sáré ní kọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí kì í ṣe pẹtiróòlù?

Ooru tí ń fẹ́ jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò jókòó sí, títí tí iná kékeré kan yóò fi bá a níbẹ̀.

Bí wọn kò bá tan ẹ́ńjìnnì ju wákàtí díẹ̀ lọ lọ́dún, kí ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ sí?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá sábà máa ń sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn iye wákàtí kan, bíi 100 tàbí 250, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ a ka apá àkọ́kọ́, wọn a sì fojú fo ìyókù. Ẹ́ńjìnnì Lister tí ń lọ ata àti ẹ̀wà ládùúgbò wa a máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ń gbóná dáadáa, ooru náà sì ń lé omi kúrò nínú ọ́ìlì rẹ̀. Ti ọkọ̀ onígbòkun kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n á tan án láti jáde ní èbúté, wọ́n á tún tan án láti wọlé, kí ó sì tó gbóná tán, wọ́n ti pa á. Bí epo bá ti ń jó, omi, ásíìdì àti ẹ̀ẹ́dú ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá wá dúró fún oṣù mẹ́fà, ásíìdì yìí yóò máa jẹ irin béárìn díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo kankan tí ọlọ́kọ̀ lè gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ní Yúróòpù fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà òtútù, tí wọn kì í dúró di ìgbà tí oòrùn bá padà. Àìlò ń pa irú ẹ́ńjìnnì yìí ju lílò lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Kò rí bíi ti mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì náà jókòó sísàlẹ̀ débi pé nọ́ọ̀tì abẹ́ sọ́ǹpù, ìyẹn àwo abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń kó sí, kì í sábà ṣeé dé. Wọn a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gbóná, kí ó sì ṣàn. Wọn a pa á, wọn a ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò géèjì, wọn a sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa ọ́ìlì jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn a tú asẹ́ ọ́ìlì, èyí tí ó sábà máa ń dùbúlẹ̀. Ẹni tí kò bá fi ọ̀rá wé e kí ó tó tú u yóò fi ìyókù ọjọ́ náà nu ilẹ̀. Wọn a fi ọ́ìlì pa rọ́bà ẹnu asẹ́ tuntun, ọwọ́ lásán ni wọn a sì fi dì í. Bí wọ́n bá ti da ọ́ìlì tuntun sí i, wọn a tan ẹ́ńjìnnì láti wò bóyá iná ìkìlọ̀ ọ́ìlì kú, bóyá ibì kan sì ń jò. Wọn a pa á, wọn a dúró díẹ̀ kí wọ́n tó yẹ géèjì wò.

Ọ́ìlì tuntun ti dúdú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ṣé ayédèrú ni?

Dúdú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀ẹ́dú dísẹ́ẹ̀lì ni ọ́ìlì náà ń kó mọ́ra, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni.

Kí ló wá yẹ kí a bẹ̀rù?

Ọ́ìlì tí ó bá di funfun bí wàrà ti gba omi, ó sì lè jẹ́ omi òkun. Kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnnì náà títí wọn yóò fi mọ ibi tí omi gbà wọlé. Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i lórí géèjì láìsí ẹni tí ó da nǹkan kan sí i, kí a má yọ̀: omi tàbí dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń jò wọ inú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí epo, yóò sì máa sáré kíkankíkan bí wọ́n tilẹ̀ ti dá epo dúró. Dídí ẹnu ibi tí ó ń gba afẹ́fẹ́ ni ó lè pa á nígbà náà. Pákó ni kí wọ́n fi dí i, kì í ṣe ọwọ́.

Níbo ni kí a da ọ́ìlì àlòkù sí?

Kì í ṣe inú omi. Àdéhùn àgbáyé MARPOL kò fàyè gbà á.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò tan ńkọ́?

Kí wọ́n kọ́kọ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ tàbí omi ti wọ inú epo, kí wọ́n má sì máa fi kọ́kọ́rọ́ yí i ní àyíyítúnyí. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń yí, pọ́ǹpù rẹ̀ ń fa omi òkun tí ó fi ń mú ara tutù wá sínú páìpù èéfín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èéfín tí yóò ti omi náà jáde. Omi yóò kún, yóò padà wọ inú sílíńdà, níwọ̀n bí kò sì ti ṣeé fún pọ̀, irin tí ó gbé písítìnnì yóò tẹ̀. Kí wọ́n ti kọ́ọ̀kì omi òkun, ìyẹn ẹnu tí omi náà ń gbà wọlé, pa bí wọ́n bá fẹ́ yí i pẹ́, kí wọ́n sì ṣí i ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá tan, nítorí pé rọ́bà tí ń yí nínú pọ́ǹpù náà kò lè pẹ́ láìsí omi kí ó tó fà ya. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan a máa fi kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì kọ́ sára kọ́ọ̀kì náà bí wọ́n bá ti tì í, kí ẹni tí ó bá fẹ́ tan ọkọ̀ má baà gbàgbé rẹ̀.