Ẹ Má Pa Ohùn Tó Halẹ̀ Mọ́ Yín Rẹ́

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn tí wọ́n bá wọ ọ́fíìsì mi ní Àkúrẹ́, kí wọ́n tó fi ìhalẹ̀ tó wà lórí WhatsApp wọn hàn mí. Ta ló dárúkọ kóòtù? Ẹni tó ní òun máa pa yín, irú ọ̀rẹ́ wo ló kù láàárín yín?

Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ pe 112. Bí kò bá tíì dé, ẹ lọ sí tésàn, ẹ kọ sítétímẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó bébà wá, ẹ béèrè DPO, ìyẹn ọ̀gá tésàn, lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí gan-an ni wàhálà. Ẹ ya ojú fóònù kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn pa ojúlówó rẹ́. Ẹ má ta fóònù náà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi gbá géèmù. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á ní ayédèrú ni, èmi kì í sì í fẹnu lásán dìde níwájú adájọ́. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 lè fi irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ rán èèyàn lẹ́wọ̀n ọdún 10.

Ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba gba ohùn lórí WhatsApp lọ́wọ́ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń du ṣọ́ọ̀bù: á sun ún mọ́ ọjà. Wòlíì ló gbé e lọ bá. Wòlíì ní ẹ̀mí burúkú wà nínú ohùn náà, kó pa á rẹ́, kó fi omi iyọ̀ fọ fóònù. Ó fọ̀ ọ́ o! Fóònù kú, ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kò pẹ́ tí iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù lóru. Ọkùnrin yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá bá a dárò. Wòlíì ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó.

Ohun tó yọ ọ́ ni pé ó ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní ìlú Oǹdó kó bá a gbàdúrà sí i. Ohùn tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà la gbé lọ bá ọlọ́pàá. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ò hàn níbẹ̀, ó sì ní ohùn òun kọ́. A ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.