Ṣé Odò Á Dá Òkúta Padà Lóòótọ́?

Níbi tí tipa bá ti ń kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ létí odò, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "Ẹ fọkàn balẹ̀, òjò kan péré, odò á dá a padà." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò kúkú purọ́ tán. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn òjò, ihò tí wọ́n gbẹ́ lè ti dí. Ohun tí a kì í béèrè ni ibi tí odò ti rí ohun tó fi dí i.

Odò kì í bí òkúta. Èyí tó ń wọ́ bọ̀ láti òkè náà ló ń pín káàkiri ọ̀nà rẹ̀. Bí ihò bá wà láàárín ọ̀nà, inú ihò ni òkúta ń bọ́ sí, omi nìkan ló ń kọjá lọ. Àwọn onímọ̀ nípa odò ń pe irú omi bẹ́ẹ̀ ní omi tí ebi ń pa, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà: agbára wà lára rẹ̀, ẹrù ni kò sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìsàlẹ̀ odò àti bèbè. Lápá òkè ẹ̀wẹ̀, omi tó ń já sínú ihò ń wó etí rẹ̀, ìwó náà sì ń rìn lọ sókè odò, jìnnà sí ibi tí ṣọ́bìrì ti kan ilẹ̀. Kànga etí odò lè gbẹ, nítorí bí omi odò bá ti lọ sílẹ̀, omi inú ilẹ̀ á tẹ̀ lé e. Odò tó tẹ́ rẹrẹ, tó pín sí ẹsẹ̀ púpọ̀, lè di kòtò tóóró kan ṣoṣo.

Lórílẹ̀-èdè Pọ́túgàl, afárá Hintze Ribeiro ti wà lórí odò Douro, ní Entre-os-Rios, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wa yanrìn níbẹ̀, nígbà tí àwọn dáàmù òkè odò ti sé èyí tí ì bá wá rọ́pò rẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ odò ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ omi. Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2001, odò kún, òpó kan yẹ̀, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta já sómi. Èèyàn 59 ló kú. Jorge Coelho, mínísítà tí iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn olùwádìí sì ka yanrìn wíwa mọ́ ohun tó fa ìjàǹbá náà.

Àwọn kan á ní bí odò bá jìn, omíyalé á dín kù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n gbẹ́ gan-an, àmọ́ bèbè tó ga tí kò ní ìtìlẹ́yìn a máa wó, ilẹ̀ oko a sì máa bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ má wo ihò. Ẹ wo ẹsẹ̀ afárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí ìpìlẹ̀ tó yẹ kó wà nínú ilẹ̀ bá ti ń rí oòrùn, ẹ ti rí ọ̀kan lára ibi tí odò ti lọ mú òkúta.