Orúkọ mẹ́ta tó wà lókè kóòdù: bí àwọn fáànù Star Trek àti àwọn ará open source ṣe dẹni tó ń bá AI fà á

Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé àwọn tó fẹ́ràn róbọ́ọ̀tì jù, àwọn tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti kékeré tí wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà tó ń dá èèyàn lóhùn nínú ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, àwọn yẹn náà wà lára àwọn tó ń pariwo jù báyìí pé àwọn ò fẹ́ kóòdù (ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) tí AI kọ nínú sọ́fítíwia open source àwọn, ìyẹn èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù ẹ̀ kó sì tún un ṣe? Àwọn kan ní ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, pé wọn ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbowó kankan lórí iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, kí ló wá fẹ́ bọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ dé ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 ni Star Trek, eré nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, bẹ̀rẹ̀ lórí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń wò ó ò pọ̀ tó bí NBC ṣe fẹ́, kò sì pẹ́ tí ìròyìn fi ń lọ káàkiri pé wọ́n máa gbé e kúrò. Tọkọtaya kan, Bjo àti John Trimble, bá kó àwọn fáànù jọ pé kí kálukú mú gègé kó kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà rọ́ wọlé débi pé lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta 1968, NBC fúnra wọn kéde lórí afẹ́fẹ́ pé eré náà máa padà wá. Sáà kan péré ni wọ́n rí gbà sí i ṣá, ó parí ní 1969, ẹ̀písóòdù 79 ni gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Àmọ́ ibi tó parí sí yẹn gan-an ni nǹkan tí mò ń sọ ti gbèrú. Láti 1967 ni àwọn fáànù, tí àwọn obìnrin pọ̀ gan-an nínú wọn, ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, èyí tí wọ́n pè ní Spockanalia ló kọ́kọ́ jáde tó jẹ́ pé Star Trek nìkan ló dá lé. Wọ́n á kọ ìtàn, wọ́n á yàwòrán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ fún ara wọn, owó bébà àti ti pósítì ni wọ́n ń wá, wọn ò wá èrè. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ ní New York ní oṣù kìíní 1972, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n ń retí, àwọn tó wá lé ní 3000. Àṣà kan ti wà láàárín wọn nígbà yẹn tí ẹnì kankan ò kọ sínú òfin: o lè mú nǹkan tí ẹlòmíì ṣe kó o fi tìẹ kún un, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ pa orúkọ ẹni náà rẹ́.

Ó wá di orí kọ̀ǹpútà. Ní 1971, ọmọ iléèwé girama kan tó ń jẹ́ Mike Mayfield kọ géèmù Star Trek ní BASIC, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, lórí kọ̀ǹpútà Sigma 7 kan tó wà ní yunifásítì Irvine ní California. David Ahl tẹ ẹ̀dà kan jáde nínú ìwé ní 1973, kóòdù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn èèyàn á ṣí ìwé síwájú, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ tiwọn. Bob Leedom náà gbà á, ó tún un ṣe ní 1974, ó fẹ̀ ẹ́ sí i, wọ́n wá ń pè é ní Super Star Trek. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò nìyí: lókè kóòdù yẹn, kí ìlà kankan tó ṣiṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Mayfield ló ni ti àkọ́kọ́, pé Ahl tẹ ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe, pé Leedom ló tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn tó sì yọ àṣìṣe inú ẹ̀ kúrò. Kò sí láísẹ́ǹsì kankan, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí èèyàn ṣe lè lo kóòdù, tó fipá mú wọn. Ohun táwọn fáànù ń ṣe nínú ìwé ìròyìn wọn náà ni wọ́n ṣe nínú kóòdù.

Ní 1971 kan náà yẹn ni Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yunifásítì MIT, ó sì máa yà yín lẹ́nu ibi tó ti ṣiṣẹ́: ilé ìwádìí AI ni. Bẹ́ẹ̀ ni, inú ilé AI ni sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ ti ṣẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox tuntun kan wá, bébà ń há sínú ẹ̀, Stallman fẹ́ tún sọ́fítíwia ẹ̀ ṣe bó ṣe tún ti àtijọ́ ṣe, àmọ́ kóòdù ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ní kóòdù náà lọ́wọ́ ní yunifásítì míì sì sọ pé òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn ún dé egungun. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1983 ló kéde GNU, iṣẹ́ láti ṣe sọ́fítíwia tí ẹnikẹ́ni lè lò, tún ṣe, kó sì pín, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1984, láísẹ́ǹsì GPL dé ní 1989: gbà á, tún un ṣe, pín in, ṣùgbọ́n má tìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Linux, sọ́fítíwia tó ń darí kọ̀ǹpútà, tẹ̀ lé e ní 1991. Orúkọ yẹn gan-an, open source, 1998 ni Christine Peterson dá a lábàá.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tẹlifíṣọ̀n díẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn yìí ti kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ AI. Ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn tí NBC ṣèkéde yẹn, ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1968, ni wọ́n ṣe ẹ̀písóòdù kọ̀ǹpútà M-5. Ẹni tó ṣe M-5, Daystrom, mú bí ọpọlọ òun fúnra ẹ̀ ṣe ń ronú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, wọ́n gbé ọkọ̀ lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, ó sì pa èèyàn. Ní 1989, nínú eré Star Trek míì tó dé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, wọ́n gbé Data, róbọ́ọ̀tì tó dà bí èèyàn, lọ síwájú adájọ́, torí ẹnì kan fẹ́ tú u palẹ̀ kó lè ṣe púpọ̀ irú ẹ̀ jáde, Data sì ní òun ò fẹ́. Adájọ́ ní ẹ̀rọ ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun ìní Starfleet, àjọ tó ni ọkọ̀ inú eré náà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn fúnra ẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ká fẹ́ràn róbọ́ọ̀tì. Èmi gbọ́ ìbéèrè méjì nínú ẹ̀: ṣé wọ́n tọrọ kí wọ́n tó mú, ta ló sì máa dáhùn tó bá bàjẹ́?

Ìbéèrè méjèèjì ló padà dé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2021, nígbà tí GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù wọn sí lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, gbé Copilot jáde, AI tó ń kọ kóòdù, tí wọ́n fi kóòdù tó wà ní gbangba kọ́. Ọ̀pọ̀ kóòdù yẹn ní láísẹ́ǹsì tó ní kí wọ́n máa dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá 2022 àwọn kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní San Francisco. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìyẹn, àwọn fáànù náà gbé ìgbésẹ̀ tiwọn: Archive of Our Own, ibi tí wọ́n ń kó ìtàn àwọn fáànù sí láti 2009, tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ń darí, tí sọ́fítíwia ẹ̀ fúnra ẹ̀ jẹ́ open source, fi kóòdù síbẹ̀ láti sọ fún Common Crawl, àjọ tó ń kó ohun tó wà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì jọ tí wọ́n sì ń fi kọ́ AI, pé kí wọ́n má kó ìtàn wọn mọ́. Ilé méjì, ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn ará open source wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Gentoo, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwia open source, sọ ní oṣù kẹrin 2024 pé àwọn ò gba nǹkan tí AI ṣe, ẹgbẹ́ NetBSD tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún, ti QEMU ní 2025. Daniel Stenberg tó ń tọ́jú curl, sọ́fítíwia tó ń gbé dátà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, ti figbe ta ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nípa ìròyìn àbùkù ààbò tí AI hun jọ, tí ojú ẹ̀ dà bí òótọ́, tí èèyàn á fi wákàtí yẹ̀ ẹ́ wò kó tó rí i pé irọ́ ni, mo sì gbà pé ìyẹn ló burú jù, torí àkókò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń jẹ.

Gbogbo wọn kọ́ ló kọ̀ ọ́ ṣá. Fedora, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀dà Linux, gbà á ní oṣù kẹwàá 2025, wọ́n ní kí ẹni tó bá lò ó sọ pé òun lò ó, kí òun náà sì dáhùn fún un. Linux náà ò lé e. Láti 2004 ni ẹni tó bá mú kóòdù wá fún Linux ti gbọ́dọ̀ kọ Signed-off-by sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, láti jẹ́rìí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sílẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ṣe fún AI ní kí ẹni tí AI bá ràn lọ́wọ́ kọ Assisted-by, kó dárúkọ irinṣẹ́ náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n AI ò gbọdọ̀ kọ Signed-off-by. Èèyàn ló máa kọ ìyẹn.