DNA àtọwọ́dọ́wọ́: bí ara ẹni ṣe ń dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹni kò dé

Ìyá ìyá mi rẹ aṣọ ní Ìtòkú títí ọjọ́ ogbó. Ọwọ́ aláró kì í mọ́ tán: aró á ti wọ abẹ́ èékánná, á ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ní ọdún kan tí mo ṣì wà ní pámárì, wọ́n kun ilẹ̀kùn yàrá wọn ní funfun. Kò pẹ́ tí ìka mẹ́rin aláwọ̀ aró fi yọ lára rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ́kọ́rọ́. Inú yàrá yẹn ni owó aṣọ máa ń wà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà nìkan. Ojú gbogbo ilé bá lọ sára ọmọ iṣẹ́ wọn kan, torí òun nìkan ló ti ọwọ́ bọ ìkòkò lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń búra pé òun kò dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, n kò sì dé ìdí ìkòkò aró rárá. Ọmọ iṣẹ́ yìí ló wá mú mi nílé ìwé, ó fà mí lọ́wọ́ sọdá títì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aró èlú mọ̀ pé kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. N kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Aró ọwọ́ rẹ̀ ni, ọwọ́ mi ló gbé e dé ara ilẹ̀kùn.

Bí ẹ bá fi DNA sí ipò aró nínú ìtàn yìí, ẹ ti ní ìdajì ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé.

DNA ni àkọsílẹ̀ tín-tìn-tín tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, tó ń sọ bí awọ, irun àti ojú wa yóò ṣe rí. A gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, a gba ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Yàtọ̀ sí àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan náà wá, kò sí ẹni méjì tí tiwọn bára mu pátápátá. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú itọ́, nínú àtọ̀, ní ìdí irun. Ó tún wà nínú ìpẹ́pẹ́ awọ tí ojú kò lè rí, tó ń bọ́ lára wa tọ̀sán tòru, àti nínú òógùn tó bá wọn rìn. Èyí tó bá kù sára nǹkan torí pé ènìyàn fọwọ́ kàn án lásán, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí itọ́, ni mo máa pè ní DNA àfọwọ́kàn. Bí ó bá tún kúrò níbẹ̀, tó gun ọwọ́ ẹlòmíràn, aṣọ ẹlòmíràn tàbí irinṣẹ́ kan dé ibi tí ẹni tó ni ín kò dé rí, ó ti di DNA àtọwọ́dọ́wọ́.

Edmond Locard, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó dá láàbù ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní 1910, ti ń kọ́ni tipẹ́ pé bí nǹkan méjì bá fara kanra, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan lára èkejì. Ojú láàbù ló wá mú sí i láti ìgbà náà. Nígbà tí Alec Jeffreys ṣàwárí ọ̀nà tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ nípa DNA ní Yunifásítì Leicester ní 1984, àbàwọ́n tí ojú lè rí ni wọ́n nílò kí iṣẹ́ tó ṣeé ṣe. Ní 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Roland van Oorschot àti Maxwell Jones, nu ọwọ́ àpò, bírò, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àti fóònù tí àwọn ènìyàn ti dì mú, wọ́n sì rí DNA lára wọn. Ohun kan tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ni kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀: ẹni tó di nǹkan mú kẹ́yìn kọ́ ni DNA rẹ̀ máa ń hàn jù nígbà gbogbo. Lónìí, nǹkan bí ogún sẹ́ẹ̀lì lè tó fún láàbù láti ṣiṣẹ́. Ogún sẹ́ẹ̀lì, abẹ́ èékánná kan ṣoṣo gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú tó mú ń rí olè. Ó sì ń rí ẹni tó kàn kọjá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn olè wọ ilé ọlọ́rọ̀ kan ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dè é, ó sì kú. Láàbù yẹ èékánná rẹ̀ wò, wọ́n rí DNA ọkùnrin kan tí kò nílé lórí, tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Wọ́n gbé e jù sí àtìmọ́lé. Ẹjọ́ tó lè mú ikú dání ni. Ọtí ti bá ọkùnrin yìí jẹ́ débi pé kò rántí ohun tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó tilẹ̀ sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀ pé bóyá òun ló ṣe é. Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ ní aláìṣẹ̀ kò níí sọ bẹ́ẹ̀, àfi tí orúkọ DNA bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ló wá tú ìwé ilé ìwòsàn wò. Ní alẹ́ tí wọ́n pa olóògbé, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ọkùnrin yìí wà, tí ọtí ti mú un dákú, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ ọ.

Báwo wá ni DNA rẹ̀ ṣe dé èékánná ẹni tí kò rí rí? Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì méjì tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tún pè sí ilé olóògbé ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun èlò kan wà tí wọ́n máa ń fi há ìka aláìsàn láti fi wo bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó gbé DNA láti ìka dé ìka. Lẹ́yìn oṣù tó lé ní márùn-ún, wọ́n tú u sílẹ̀. Láàbù kò ṣe àṣìṣe kankan: DNA rẹ̀ ni lóòótọ́. Àmọ́ kò débẹ̀.

Ní 2016, ìwádìí kan láti Yunifásítì Indianapolis jáde. Wọ́n ní kí ènìyàn méjì-méjì bọ ara wọn lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí oníkálukú wá di ọ̀bẹ tirẹ̀ mú. Nínú ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, DNA ẹni tí kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ yẹn wà lára rẹ̀. Ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, òun gan-an ló hàn bí ẹni pàtàkì, tàbí ẹnì kan ṣoṣo, tó di ọ̀bẹ náà mú. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń bọ ènìyàn lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, àfi olóṣèlú tó ń wá ìbò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là, a ti rí i pé ó ṣeé gbà.

Irinṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ náà lè jẹ́ ọwọ́ tó gbé e. Wọ́n ń rí DNA obìnrin kan náà ní ibi ìwà ọ̀daràn ní Jámánì, Ọ́síríà àti Faransé, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn sì ti ṣẹlẹ̀ láti 1993. Wọ́n rí i níbi ìpànìyàn, wọ́n rí i níbi olè jíjà, wọ́n rí i níbi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàábìnrin kan ní Heilbronn ní 2007. Ó tó ibi ogójì, kò sì sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ rí. Ní 2009 ni àṣírí tú: obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di òwú tí ọlọ́pàá fi ń nu ẹ̀rí ni. Wọ́n ti pa kòkòrò ara òwú náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa kòkòrò kò fi dandan pa DNA. Láti 2016 ni ìlànà àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ISO 18385 ti wà fún bí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ká ní mo tẹ nọ́ńbà àṣírí mi sára ẹ̀rọ POS ní Pàǹṣẹ́kẹ́ láàárọ̀. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ tẹ tirẹ̀ lẹ́yìn mi. Lálẹ́, ó fi ọwọ́ yẹn gba ojú fèrèsé wọ ilé onílé. Ṣé wọ́n lè rí DNA mi ní fèrèsé yẹn? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Gbogbo ìgbà tó bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ló ń dín kù, bí aró ṣe ń ṣá, tí DNA àwọn mìíràn á sì dà mọ́ ọn. Bóyá kìkì tèmi ni wọ́n bá, bóyá ó kàn wà nínú àdàlù ènìyàn márùn-ún: ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, ó sì yẹ kí agbẹjọ́rò béèrè èwo ni.

Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ní Ẹ̀ńgílándì ti tò ní àkàsọ̀ àkàsọ̀ láti 1998. Ta ló ni DNA? Ara kí ló ti wá, ẹ̀jẹ̀ ni àbí awọ? Kí ni ẹni náà ṣe tó fi débẹ̀? Ta ló jẹ̀bi? Láàbù mọ ti àkọ́kọ́ dáadáa. Adájọ́ nìkan ló ni ti ìkẹyìn. Àárín ni ìjà wà. Onímọ̀ lè dúró níwájú adájọ́ kó ní, “Ohun tí a rí yìí ṣeé ṣe ní ìlọ́po bílíọ̀nù kan bó bá jẹ́ pé ti afurasí ni, ju bó bá jẹ́ pé ti ẹlòmíràn tí a kò mọ̀ ni lọ,” kí gbogbo ilé ẹjọ́ sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ní, “Òun ló ṣe é.” Nọ́ńbà ńlá yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ló dáhùn. Ní 2020, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ DNA nínú ẹjọ́, lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní ISFG, sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má gbé nọ́ńbà yẹn gun orí àkàsọ̀ tó ga jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bó ṣe débẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwádìí mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀: báwo ni a ṣe sábà máa ń rí i, ní ìwọ̀n wo, bí wọ́n bá bọwọ́ lásán, bí wọ́n bá jà?

Ibẹ̀ yẹn ni ìwádìí tuntun ń lọ. Ní Yunifásítì Flinders ní Ọsirélíà, wọ́n fi 100 ènìyàn dán ọ̀nà kan wò ní 2024 láti mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣí dànù púpọ̀. Wọ́n á ní kó fi àtàǹpàkò tẹ gíláàsì, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà tó ń mú DNA tàn, wọ́n á sì ka sẹ́ẹ̀lì. Ara àwọn kan ń ṣí gan-an, àwọn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọkùnrin sì ń fi sílẹ̀ ju obìnrin lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣí lè kàn gbá ilẹ̀kùn mú kó fi DNA tó pọ̀ ju ti olè tó fọ́ ọ lọ sílẹ̀. Láti yunifásítì yẹn náà ni wọ́n ti rí DNA ènìyàn lára ẹ̀rọ amúlétutù, àti nínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ti afẹ́fẹ́ ń sọ ẹni tó wà níbẹ̀ láìpẹ́, ti ẹ̀rọ ń sọ àwọn tó ti ń jókòó síbẹ̀ tipẹ́.

N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa pe DNA ní irọ́. Ní agbègbè Leicester yẹn náà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan ti jẹ́wọ́ ìpànìyàn tí kò dá. DNA inú àtọ̀ ló gbà á sílẹ̀, òun náà ló sì mú ẹni tó ṣe é, tí wọ́n dá lẹ́bi ní 1988. Àtọ̀ nínú ara olóògbé kì í ṣe ìpẹ́pẹ́ awọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rí bá ṣe kéré tó ni ìbéèrè “báwo ló ṣe débẹ̀” ṣe ń wúwo tó.

Abala 68 òfin ẹ̀rí wa ní Nàìjíríà, ti 2011, gbà kí onímọ̀ sọ èrò rẹ̀ ní ilé ẹjọ́. Nítorí náà, bí irú ẹjọ́ yìí bá dé ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ìṣabọ̀ tàbí ilé ẹjọ́ gíga, agbẹjọ́rò lè dìde kó bi onímọ̀ pé: ẹ̀jẹ̀ ni àbí àfọwọ́kàn? Mélòó ni ìwọ̀n rẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀? Ṣé wọ́n pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ láàárín nǹkan kan àti òmíràn? Ìbọ̀wọ́ kan náà tí ọlọ́pàá fi mú aṣọ afurasí, tó tún fi mú ọ̀bẹ, kò yàtọ̀ sí ọwọ́ mi lọ́jọ́ ilẹ̀kùn funfun.

Ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Bí olè bá jà ní àdúgbò wa, kí ọlọ́pàá tó dé, ogún ènìyàn á ti wọlé wá kí onílé pẹ̀lẹ́, wọ́n á ti gbé àpótí tó ṣubú dúró, ìyàwó ilé á ti gbálẹ̀. Inú ire ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kí onílé níta. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Bí nǹkan kan bá wà tí òjò fẹ́ gbá lọ, tó di dandan kí ẹ mú un, ẹ fi ìbọ̀wọ́ mímọ́ mú un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sínú àpò bébà, kó má jẹ́ ọ̀rá, torí ooru inú ọ̀rá ń mú nǹkan tutù bu, DNA inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Kí ẹ wá kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti wọ yàrá náà sílẹ̀, ti ọmọdé pẹ̀lú.