Orúkọ tí ẹ fi ń parọ́ fún wa ní kílíníìkì

Láàárín oṣù méjì tó kọjá yìí, kò dín ní ọmọ márùn-ún tó ti wá síwájú mi ní kílíníìkì wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí tí wọ́n fún wa lórúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀kan lo orúkọ rúùméètì ẹ̀. Òmíràn, mo pe orúkọ tó fún wa lẹ́ẹ̀mẹta kò dáhùn, ó kàn jókòó tó ń wò mí, torí òun fúnra ẹ̀ ti gbàgbé pé òun ti di ẹlòmíràn láti àárọ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rù ń bà yín pé tẹ́nì kan bá gbọ́ pé ẹ wá sọ́dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì àti dókítà tí à ń tọ́jú ọpọlọ, wọ́n á ní orí yín ti dàrú, ọkọ tàbí ìyàwó á sá, iṣẹ́ á bọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí irọ́ orúkọ yìí ti fẹ́ẹ̀ gba ọmọ kan lọ́wọ́ wa.

Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́. Ẹni tí ò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń sunkún nínú balùwẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn ẹni tí ò sí nínú yàrá, ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ibi tí ẹ máa lọ náà ò ṣòro. Tó o bá jẹ́ ọmọ iléèwé, kánsẹ́lọ̀ wà, ilé ìwòsàn iléèwé wà, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. LAUTECH Teaching Hospital ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ, ẹni tó bá sì rò pé ojúlùmọ̀ òun ti pọ̀ jù l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọsibítù UCH wà n'Íbàdàn, Àró tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ wà l'Ábẹ́òkúta, kò sófin tó ní inú ìlú ẹ lo ti gbọ́dọ̀ gbàtọ́jú. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ kọ́kọ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láì jẹ́ kó rójú ẹ, MANI, ẹgbẹ́ ìlera ọpọlọ tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní 2016, àti SURPIN, àwọn tó ń dènà ìpara-ẹni ní ọsibítù LUTH l'Ékòó, àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà téèyàn lè pè. Níbẹ̀ yẹn, tó ò bá fẹ́ dárúkọ, má dárúkọ, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orí ìkànnì tiwọn gan-an ni kó o ti lọ mú nọ́ńbà, má mú èyí tí wọ́n ń fọ́n káàkiri lórí WhatsApp. Tó bá sì jẹ́ pé èrò ikú ló ń wá sí ẹ lọ́kàn, má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù kì í tilẹ̀kùn, lọ síbẹ̀ lóru, jí ẹnì kan kó bá ẹ lọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé a máa pe ọlọ́pàá. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì pe ọlọ́pàá sí ẹni tó wá sọ fún mi pé ilé ayé sú òun. Mo máa ń fà á lọ́wọ́, màá wá àga fún un ni.

Ó yá, fódà, ìyẹn fáìlì tí à ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera ẹ sí. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn, ẹ jẹ́ n mú yín rìn tẹ̀lé e. Tó o bá dé ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n á kọ orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, àti nọ́ńbà ẹnì kan tí a lè pè. Wọ́n á fún ẹ ní káàdì kékeré tí nọ́ńbà tìẹ wà lára ẹ̀. Ẹ̀yìn fódà, orúkọ àti nọ́ńbà yẹn ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ àìsàn síta fún aráyé kà. Láti rẹ́kọ́ọ̀dù ó di orí tábìlì nọ́ọ̀sì, ó di iwájú dókítà, ó padà sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó padà sí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó parí. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í ṣí i. Àǹtí ẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí i, kódà kó jẹ́ pé ọsibítù kan náà la jọ wà. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti fún ẹnì kan ní ìwé kó wá wí tẹnu ẹ̀ nítorí pé ó lọ yẹ fódà aládùúgbò ẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ yẹn ò tán bọ̀rọ̀. Ó sì wà nínú òfin, òfin ìlera ilẹ̀ wa ti 2014, apá 26: gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera ẹni tó wá gbàtọ́jú, títí kan pé ó tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rárá, àṣírí ni. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun náà ti wà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2023, òun ló gbapò òfin àtijọ́ tí wọ́n ti ń lò látìgbà òyìnbó, Lunacy Act, ìyẹn òfin wèrè, èyí tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀ gan-an èébú ni.

Nọ́ńbà ẹni tí a lè pè yẹn, kò pọn dandan kó jẹ́ ti bàbá ẹ. Kọ ti ẹ̀gbọ́n tó o fọkàn tán, tàbí ti ọ̀rẹ́ tó gbọ́n, kó o sì sọ fún wa pé ìgbà báyìí ni kẹ́ ẹ pè é, ohun báyìí ni kẹ́ ẹ má sọ. Tó bá jẹ́ pé ìwọ àtàbúrò ẹ lẹ jọ ń lo fóònù kan, sọ ọ́. Sọ ọ́! Nọ́ọ̀sì kì í ṣe aríran. Gbogbo ọ̀nà tí ẹ lè gbà bo àṣírí yín la máa bá yín wá, àmọ́ ẹ fi orúkọ sílẹ̀.

Ibi tí a ti lè lanu wà o, mi ò ní tàn yín. Tó o bá sọ fún mi pé alẹ́ òní lo fẹ́ pa ara ẹ tàbí ẹlòmíràn, màá pe ẹni tó lè dá ẹ dúró, màá sì sọ fún ẹ lójú ara ẹ pé mo fẹ́ pè é. Tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, a ò lè kọ̀. Ọmọ tí ò tíì pé 18, òbí ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè, a sì máa ń fẹ́ kí òbí tàbí alágbàtọ́ kan mọ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, nítorí náà tó bá jẹ́ pé inú ilé yẹn gan-an lẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ wà, ohun tó o máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kó o tó sọ pé orí ń fọ́ ẹ, kí àwa lè mọ ẹni tó yẹ ká pè.

Ṣé ẹ mọ ibi tí àṣírí ti ń jò? Mo ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo di nọ́ọ̀sì tán mo tún lọ kọ́ ti ọpọlọ lọ́tọ̀ ní Àró, mi ò tíì rí ọmọ kan tó jẹ́ pé fódà ló tú u síta. Rúùméètì ni. Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ lọ̀ lóru tó fi ṣe screenshot láàárọ̀ ni. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọmọbìnrin kan ní Under G, àdúgbò àwọn ọmọ iléèwé níbí, lọ bá ẹnì kan lórí Instagram tó pe ara ẹ̀ ní therapist, kò bi í pé ibo lo ti kọ́ṣẹ́, ta ló fún ẹ níwèé àṣẹ, ó tú gbogbo inú ẹ̀ jáde fún un. Lẹ́yìn oṣù kan ẹni yẹn ní kó fi owó ránṣẹ́ bí kò bá fẹ́ kí òun gbé ohùn ẹ̀ síta. Ọmọ yẹn ló wá ń bi mí pé ṣé ọsibítù lè pa àṣírí mọ́!

Àwọn oníkẹ́mísì náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta oògùn oorun ní ẹyọ ẹyọ fún ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láì bi í léèrè ohun kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú gan-an, mi ò ní wọ ibẹ̀ lónìí.

Ilé àdúrà ńkọ́. Onígbàgbọ́ ni mí, mò ń gbàdúrà, mo sì mọ pásítọ̀ tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló máa ń fi mọ́tò ẹ̀ gbé ọmọ ìjọ wá bá wa, Ọlọ́run á bù kún un. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwọn tó máa gbé ẹ dúró níwájú ìjọ, tí wọ́n á fi gbohùngbohùn kéde pé ẹ̀mí òkùnkùn ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Àṣírí wo ló kù? Tí mo bá sọ báyìí àwọn kan á ní ṣebí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ àtijọ́ yẹn, fúnra ẹ̀ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Àró. Òótọ́ ni, látọdún 1954 tí iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, lọ́dọ̀ ẹbí wọn. Àmọ́ abẹ́ ojú dókítà ni gbogbo ẹ̀ ti ń lọ, kò so ẹnikẹ́ni mọ́ igi kó wá lọ sùn.

Ọmọ tí mo ní irọ́ orúkọ fẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin ni, Wẹ́sídeè ló wá, ó ti ń gbọ́ ohùn tó ń bú u láti bí oṣù mẹ́ta. Fìlà lójú, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Èmi ni mo gbà á wọlé. Dókítà kọ haloperidol, oògùn tó ń dín irú ohùn bẹ́ẹ̀ kù, fún un, ó kọ Artane mọ́ ọn, torí pé haloperidol máa ń fa iṣan ọrùn àtẹnu le láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, pàápàá lára ọkùnrin tó ṣì kéré. Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún un, ó ní òun ti gbọ́ mà, òun ti gbọ́, ó ti dìde. Owó ọwọ́ ẹ̀ ò tó méjèèjì, haloperidol nìkan ló rà.

Alẹ́ Tọ́sìdeè, ọrùn ẹ̀ lọ́ sápá kan, ojú ẹ̀ yí sókè kò lè wá sílẹ̀, ahọ́n ń yọ jáde. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó bá a nínú yàrá figbe ta. Ta ni kò ní pariwo? Wọ́n pe bàbá wọn, bàbá gbé e lọ sílé àdúrà kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, wọ́n dè é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ nà án ní Fúráìdeè látàárọ̀ dalẹ́ pé kí ẹ̀mí tó lọ́ ọ lọ́rùn jáde. Àárọ̀ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n yẹn sọkún títí wọ́n fi gbé e wá sí pàjáwìrì. Dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ bi wọ́n pé oògùn wo ló lò, bàbá fi Bíbélì búra pé ọmọ òun ò lo oògùn kankan, kò tiẹ̀ dé ọsibítù rí láyé ẹ̀. Wọ́n wá orúkọ ẹ̀ ní rẹ́kọ́ọ̀dù, kò sí. Dókítà ti ń rò ó sí tetanus, àìsàn ojú egbò tó ń mú iṣan gan, wọ́n ti fẹ́ máa gbé e lọ síbòmíràn.

Mo kàn ń kọjá lọ gbé nǹkan ni. Mo wo ojú ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kọ́ ló fún mi ní Wẹ́sídeè. Mo sáré lọ sí kílíníìkì, mo tú fódà ọjọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i: orúkọ àbúrò bàbá ẹ̀ tó wà ní Kánádà ló lò. Haloperidol wà níbẹ̀ gbàgàdà. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan tó ń tú iṣan tí haloperidol fà le ni wọ́n fún un. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ọrùn rọ̀, ojú wálẹ̀, ahọ́n wọlé, ó gbé itọ́ mì. Bàbá ń wò ó bí ẹni tó ń lálàá, imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀ ṣì wà lára aṣọ ẹ̀.

Ohùn ọmọ yẹn ò tíì jáde dáadáa tó fi ń fà mí láṣọ, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti sọ fún dádì mi?"

Mo yíjú sí bàbá, mo ní Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọmọ ẹ̀, ó jáde. Mo fa kọ́tìnì, mo mú fódà tuntun, mo fún un ní báírò kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀.