Ooru ló ń pa bátìrì, òtútù ló ń fi òkú ẹ̀ hàn: bí iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe ń tẹ̀lé ìgbà

Iṣẹ́ àtúnṣe mọ́tò kì í wọlé bákan náà látoṣù doṣù. Ìgbà kan wà tí mọ́tò á tò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí fóònù ò ní sinmi, ìgbà kan sì wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ á jókòó sórí táyà àlòkù, tí wọ́n á máa lé eṣinṣin. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní kí ló wá le níbẹ̀, òjò dé wọ́n pààrọ̀ wáípà, ooru dé wọ́n tún ésì ṣe, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń gbé wá fún mẹkáníìkì, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá kọ́ ló bà jẹ́, ó ti bà jẹ́ tipẹ́, àṣírí ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ìgbà kan á ba nǹkan jẹ́ ní kọ̀rọ̀, ìgbà tó tẹ̀lé e lá wá gbé e síta.

Ẹ wo bátìrì. Òtútù ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi, torí àárọ̀ ọjọ́ òtútù ni mọ́tò máa ń kọ̀ tí kò ní sítáàtì, ṣùgbọ́n ooru gan-an ló ń pa á. Kẹ́míkà ló ń ṣiṣẹ́ nínú bátìrì olójé tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí ooru bá sì ti fi bíi 10°C lé sí i, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yára ní ìlọ́po méjì, títí kan èyí tó ń jẹ àwọn àwo òjé inú ẹ̀ run. Omi inú ẹ̀ náà á máa gbẹ. Ẹni tó ń wa mọ́tò ò ní mọ̀ ṣá, torí nínú ooru, ọ́ìlì ti rọ̀, ẹ́ńjìnnì ò wúwo láti yí, bátìrì tó ti ń ṣàìsàn ṣì lè fi ìyókù agbára ẹ̀ ta á. Ọjọ́ tí òtútù bá dé ni nǹkan méjì á pàdé: ọ́ìlì á ki, ẹ́ńjìnnì á wá fẹ́ agbára tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, bátìrì náà ò sì ní lè tú èyí tó ń tú jáde tẹ́lẹ̀. Tó bá di -18°C, kódà bátìrì tó dáa lè má ní ju bí ìdajì agbára tó ní nínú ooru lọ. Nọ́ńbà CCA tí wọ́n kọ sára bátìrì, inú -18°C yẹn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ìyẹn iye ámpíà tó lè gbé fún 30 ìṣẹ́jú àáyá láì jẹ́ kí fóltì ẹ̀ já kọjá 7.2. Ìdí nìyẹn tí àárọ̀ òtútù kan ṣoṣo fi lè kó gbogbo bátìrì tí ooru ti ń pa láti bí oṣù mẹ́fà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó ń ta á á sì rò pé oríire ọjọ́ yẹn ni.

Ṣé kó wá kó bátìrì rẹpẹtẹ jọ kí òtútù tó dé? Ó lè kó o, ṣùgbọ́n bátìrì kì í ṣe ìṣó. Orí pákó níbẹ̀ ni agbára ẹ̀ á ti máa lọ díẹ̀díẹ̀, tó bá sì pẹ́ jù láì rí iná, ó ti ń bà jẹ́ nìyẹn, kó tó rí ẹni rà á. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń rà á súnmọ́ ìgbà ẹ̀, wọ́n á ta èyí tó kọ́kọ́ dé ṣáájú, wọ́n á sì máa fi iná sí èyí tó bá ṣẹ́kù.

Táyà náà ní tiẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá fi bíi 5 tàbí 6°C tutù sí i, nǹkan bíi psi kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́) á kúrò nínú agbára afẹ́fẹ́ inú táyà, láì jò rárá. Táyà tí wọ́n fún ní 33 psi lọ́sàn-án tó mú 30°C, ní àárọ̀ tó jẹ́ 5°C, kò ní ju bíi 29 lọ mọ́. Tó bá wá jẹ́ èyí tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ látẹ̀yìn wá, iná ìkìlọ̀ á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, olówó mọ́tò á sáré wá pé táyà òun ti lu. Kò lu. Afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Iṣẹ́ yìí ò mówó wá, ó kàn ń gba àkókò ni, àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti máa ń rí i pé ojú táyà ti dán, ìyẹn ló sì ń di owó.

Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ọ̀rọ̀ táyà tún le jù báyìí lọ. Rọ́bà táyà ooru máa ń le gbagidi bí òtútù bá ti wá sísàlẹ̀ nǹkan bíi 7°C, kì í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ní ìdì táyà méjì tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Jámánì, òfin 2010 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá máa wa mọ́tò lórí yìnyín gbọ́dọ̀ ní táyà tó bá a mu, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ fún ara wọn níbẹ̀ ni pé kó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò láti Oṣù Kẹwàá títí di Ọdún Àjíǹde. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ wọ́n á dúró de ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá bọ́, wọ́n á wá ya dé lọ́sẹ̀ kan náà bí eṣú. Tí yìnyín bá wá lọ tán, iṣẹ́ mìíràn tún dé, torí omi tó wọnú lílà ojú títì ti dì, ó ti wú, ó ti fọ́ títì, kòtò ti yọ síbẹ̀, ṣọ́kù àti aláínìmẹ́ǹtì ló kàn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní tiẹ̀ kì í kánjú, abẹ́ mọ́tò ló ti ń jẹ irin lọ, ìgbà míì ó di ọdún mélòó kan kí páìpù búréèkì tó lu.

Ésì rọrùn láti ṣàlàyé. Gáàsì inú ẹ̀ ń jò ní ìwọ̀nba jálẹ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni ò sì tàn án nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, rọ́bà tó dí ojú ibi tí gáàsì lè gbà jáde á máa gbẹ torí pé ọ́ìlì ò yí dé ibẹ̀. Ọjọ́ ooru àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń jáde. Wáípà, irú kan náà: oòrùn ló sè é mọ́ ojú gíláàsì, òjò ló wá fi hàn pé ó ti kú.

Kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan ló ń darí iṣẹ́ yìí o. Ìwé òfin náà lágbára. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1999 ni nọ́ńbà ara mọ́tò tuntun, tó ń fi ìgbà tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ hàn, ti ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹsàn-án, àwọn èèyàn sì máa ń dúró de oṣù méjèèjì yìí kí wọ́n tó ra mọ́tò tuntun. Mọ́tò bá pé ọdún mẹ́ta, ó di dandan kó ṣe àyẹ̀wò MOT, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá mọ́tò ṣì dáa láti rìn lójú títì, lẹ́yìn náà ọdọọdún ni. Ó já sí pé oṣù tí mọ́tò tà jù ni àyẹ̀wò pọ̀ jù, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, wọ́n fún mọ́tò tí àyẹ̀wò wọn bá bọ́ sí ìparí Oṣù Kẹta àti àwọn oṣù bíi mélòó kan tó tẹ̀lé e ní oṣù mẹ́fà sí i, ni ogunlọ́gọ̀ mọ́tò Oṣù Kẹrin bá di ti Oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ tuntun yẹn kò sì tètè padà sí ti tẹ́lẹ̀, torí lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọjọ́ yẹn náà ló tún pé.

Owó náà ń sọ̀rọ̀. Kí èèyàn tó rìnrìn àjò ọdún, á gbé mọ́tò wá kí wọ́n bá òun wò ó. Tó bá dé, tí owó ti tán lápò, búréèkì tó ń han lá máa fi rìn títí oṣù á fi parí.

Ohun tó wá ń mú kí ìgbà iṣẹ́ korò ni pé ṣọ́ọ̀bù ò lè fẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń fẹ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan lè ṣe mọ́tò 8 lójúmọ́, tí 9 wá ń wọlé, ó dà bíi pé kò tó nǹkan, mọ́tò kan péré. Lọ́jọ́ 12, mọ́tò 12 ti wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, iṣẹ́ ọjọ́ kan àtààbọ̀ nìyẹn kí wọ́n tó kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ọ̀kan tó ní ẹ́ńjìnnì tú sílẹ̀ bá tún jókòó sórí lífítì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bùṣe. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti iṣẹ́ tó gùn, tó sì lè dúró, sí ìgbà tí ọjà bá dá: bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, gíà, àwọn nǹkan tí kìlómítà ń pinnu, tí ojú ọjọ́ ò kàn. Àwọn kan máa ń dín owó lórí ẹ̀ nígbà yẹn kí kọ́sítọ́mà lè wá.

Ọgbọ́n tó dáa jù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì kì í náni ní nǹkan kan. Láàárín ooru, nígbà tí mọ́tò bá wá fún ésì, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi ẹ̀rọ sí bátìrì lórí fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ín. Ọ̀sẹ̀ méjì kí òtútù tó dé, wọ́n á mú ìwé yẹn jáde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè.