Ọmọ Croatia àti ọmọ Iceland lókè òkun: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ àtìpó di ọlọ́lá?

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín wa, ó sì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà. Wọ́n ní bí àtọmọdọ́mọ àwọn àtìpó bá rọ́wọ́ mú nílẹ̀ tí bàbá ńlá wọn ṣí lọ, ìwà àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé ló fà á. Bí wọ́n bá tòṣì, ẹ̀jẹ̀ náà ni. Wọ́n á ní ará Iceland mọ̀wé, wọ́n mọ owó í tọ́jú, ìdí nìyẹn tí ọmọ wọn fi di agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ní Kánádà. Wọ́n á ní iṣẹ́ agbára ló bá ará Croatia mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kún inú ihò kùsà àti ilé iṣẹ́ irin ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á wá fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé ohun tí ẹyẹ bá jẹ lẹyẹ ń gbé fò.

Irọ́ ni. Bí ẹ bá tọ ipasẹ̀ àwọn èèyàn méjèèjì yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ọdún tí wọ́n dé, iṣẹ́ tí wọ́n bá nílẹ̀, òfin tó ń dúró dè wọ́n àti ẹni tó ni ilẹ̀ kí wọ́n tó dé ló pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Croatia bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1880, abẹ́ ìjọba Austria-Hungary ni Dalmatia wà, ìyẹn etíkun Croatia àti àwọn erékùṣù bíi Brač àti Hvar. Àjàrà ni wọ́n ń gbìn, wáìnì ni wọ́n ń tà. Lásìkò yẹn, kòkòrò kan tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà ti ba oko àwọn ará Faransé jẹ́, ni ọjà wáìnì Dalmatia bá ń tà wàràwàrà. Kò pẹ́ tí ó fi dojú rú. Ní 1891, Austria-Hungary bá Ítálì ṣe àdéhùn tó jẹ́ kí wáìnì Ítálì tí kò wọ́n ya wọlé, nígbà tó sì ṣe díẹ̀ sí i, kòkòrò yẹn dé oko tiwọn náà. Gbèsè mu àgbẹ̀ dọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá wọkọ̀ ojú omi.

Ibi tí ọkọ̀ já kálukú sí ni ayé wọn ti yà.

Àwọn kan dé Punta Arenas, ní ìsàlẹ̀ pátápátá orílẹ̀-èdè Chile, nígbà tí ìròyìn wúrà Tierra del Fuego, erékùṣù ńlá tó wà nítòsí ibẹ̀, ń jà ràn-ìn. Ìlú tuntun ni. Wọn kò tíì ṣí ọ̀nà omi Panama, tí wọ́n ṣí ní 1914, nítorí náà ọkọ̀ púpọ̀ tó ń ti òkun Atlantic bọ̀ sí Pacific ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ àgùntàn ti wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé ńlá mélòó kan, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù, àyè ṣì wà fún un. Ẹni tí kò rí wúrà kó, ọjà ló tà. Àwọn mìíràn gba àríwá lọ sí Antofagasta, níbi tí òwò iyọ̀ nitrate ti ń pawó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Andrónico Luksic sí ní 1926, ọmọ ẹni tó ti Brač wá. Bàbà ni ìdílé náà fi di ọ̀kan lára àwọn olówó jù lọ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Gabriel Boric tó gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Chile ní 2022, ọmọ Punta Arenas ni, erékùṣù Ugljan ní Croatia ni bàbá ńlá rẹ̀ ti wá.

Àyè tí mo ní ó wà yẹn, kò ṣàdédé ṣófo. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Selk'nam ló ni Tierra del Fuego. Àwọn tó ń wá wúrà àti àwọn onílẹ̀ àgùntàn ńlá dọdẹ wọn bí ẹran, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run tán. Ẹni tó bá ń yin òwò Punta Arenas gbọ́dọ̀ sọ èyí mọ́ ọn.

Ará Croatia mìíràn, púpọ̀ nínú wọn láti àárín ilẹ̀ náà, kọjú sí Amẹ́ríkà. Ọjà tuntun kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ti gúnwà, ohun tí wọ́n sì nílò ni ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ sínú ihò tàbí tí yóò dúró níwájú iná. Ní Calumet, ní ìpínlẹ̀ Michigan, bàbà ni wọ́n ń wà. Ní oṣù Keje 1913, àwọn awakùsà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, àti ẹ̀rọ ìgbẹ́hò tuntun tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń lò nínú òkùnkùn, tó bá wó lù ú, kò sí ẹlòmíràn nítòsí tó máa yọ ọ́. Ìyanṣẹ́lódì yẹn wọ inú ọdún Kérésìmesì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, àwọn ìyàwó awakùsà ṣe àríyá fún àwọn ọmọ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Italian Hall. Ẹnì kan pariwo pé iná ń jó. Iná kankan ò jó. Gbogbo èèyàn dà gìrìgìrì sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ṣubú lu ara wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèyàn 73 ló kú, 59 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ará Finland ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ Croatia àti ọmọ Slovenia náà sì wà níbẹ̀.

Ní agbègbè Pittsburgh, nídìí irin gbígbóná, ikú ò jìnnà sí wọn bákan náà, òfin tó máa mú ọ̀gá san owó ìtanràn fún opó kò sì tíì sí. Ìyẹn ló mú kí àwọn ará Croatia dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ ní 1894 ní Allegheny City, tó ti di ara Pittsburgh báyìí. Kálukú ń dáwó. Bí ọ̀kan bá kú, ẹgbẹ́ á fún àwọn ẹbí rẹ̀ lówó. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, Croatian Fraternal Union ni orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ṣé ọ̀lẹ ló ń ṣe irú ìyẹn? Ẹni tó dúró níwájú iná irin ní Pittsburgh àti ẹni tó dúró nídìí káńtà ní Punta Arenas, èdè kan náà ni wọ́n fi ń gbàdúrà.

Àwọn ará Dalmatia tó lọ sí New Zealand tún fi èyí hàn kedere. Oje igi kauri tó ti gbẹ sínú ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni wọ́n ń wà jáde, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń fi ṣe fáníìṣì. Ní 1898, ìjọba ṣe òfin tó ya ilẹ̀ oje sọ́tọ̀ fún ọmọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Maori, ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, tó sì fún àjèjì lọ́rùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, torí pé ìwé wọn ní ọmọ Austria ni wọ́n, wọ́n di ẹni tí ìjọba ń ṣọ́ bí ọ̀tá. Àdúgbò kan náà ni àwọn àti Maori ń gbé, wọ́n fẹ́ra wọn, àwọn ọmọ wọn ṣì wà káàkiri àríwá orílẹ̀-èdè náà dòní. Nígbà tí oje tán, wọ́n ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbin àjàrà. Josip Babich tó wá wa oje bẹ̀rẹ̀ sí í pọn wáìnì ní 1916, orúkọ náà ṣì wà lára ìgò. Ìmọ̀ àjàrà yẹn, ilé ni wọ́n ti gbé e wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà wà lórí ẹni tó kú sínú ihò bàbà, kò rí ibi lò ó ni.

Ó kan àwọn ará Iceland tí gbogbo ayé ń yìn. Ní oṣù Kẹta 1875, òkè oníná Askja bú gbàmù, eérú rẹ̀ bo pápá ní ìlà-oòrùn Iceland, àgùntàn ò rí koríko jẹ. Òtútù àti àìrílẹ̀ dáko ti ń lé wọn ṣáájú ìgbà yẹn. Láàárín 1870 sí 1914, ó lé ní 14,000 èèyàn tó kó kúrò ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo olùgbé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 70,000 ní 1870.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn ní Kánádà kò fi hàn pé wọ́n máa là. Àwọn tó dé Ontario ní 1874, iṣẹ́ ojú irin ni wọ́n kó wọn lọ ṣe ní Kinmount, nínú ilé pákó tí èrò há sí gádígádí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ ló kú síbẹ̀. Àwọn tó lọ sí Nova Scotia bá ilẹ̀ olókùúta pàdé, kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi kó ẹrù wọn kúrò. Ní oṣù Kẹwàá 1875, àwọn tó lé ní igba gúnlẹ̀ sí etí adágún Winnipeg, ní agbègbè tó di Manitoba, nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ, nítòsí ibi tí wọ́n sọ ní Gimli. Òtútù ti wọlé dé. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé igi ńlá nítorí kò sí igbó bẹ́ẹ̀ ní ilé, àwọ̀n tí wọ́n gbé wá kò sì bá ẹja adágún náà mu.

Ní ọdún kejì, àrùn ìgbóná wọ àárín wọn. Ó pa nǹkan bí 100 nínú wọn, ìjọba sì sé wọn mọ́lé títí di àárín 1877. Èyí tó ṣe àwọn onílẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ti ya agbègbè náà sọ́tọ̀ fún ará Iceland nìkan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Saulteaux àti Cree ń gbé inú rẹ̀. Ní Sandy Bar, ìgbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo abúlé náà lọ, wọ́n sì dáná sun àwọn ilé tó kù. John Ramsay, ọkùnrin Saulteaux tí àwọn àtìpó gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ló ṣì ń pa ẹran fún wọn, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa la òtútù já. Ìgbóná pa Betsey ìyàwó rẹ̀. Ó ra òkúta mábù funfun, ó gbé e dé ibojì rẹ̀, ó ṣì wà nítòsí Riverton dòní. Ó máa ń dùn mí pé àwọn tó ń sọ ìtàn aásìkí ará Iceland kì í sábà dárúkọ ọkùnrin yìí.

Bí ẹnì kan bá ka owó ọwọ́ àwọn ará Iceland ní 1877, òtòṣì ni ìwé rẹ̀ ìbá pè wọ́n. Ní ìlú Winnipeg, kòtò ni àwọn ọkùnrin wọn ń gbẹ́, àwọn obìnrin ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n sì ní orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pè wọ́n: goolie. Ní 1919, líìgì họ́kì àwọn àgbà ní ìlú náà kò gba ẹgbẹ́ Falcons, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ Iceland. Ní 1920, Falcons yìí kan náà ló gba góòlù àkọ́kọ́ ti họ́kì orí yìnyín ní Òlíḿpíìkì Antwerp fún Kánádà.

Kí ló wá yí padà? Mi ò ní sọ pé wọn ò gbé nǹkan kan wá. Wọ́n mọ̀wé kà lóòótọ́: láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìjọ àti ìjọba ti sọ ọ́ di dandan kí ọmọdé kọ́ ìwé kíkà nínú ilé. Àṣẹ ló ṣe ìyẹn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Dalmatia kò sì rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní 1877 tí ìgbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, wọ́n ti ní ìwé ìròyìn tiwọn, Framfari. Síbẹ̀, ìwé kíkà ò gba ẹnikẹ́ni là ní Kinmount. Ilẹ̀ ló gbà wọ́n, àti owó tí ìjọba yá wọn, àti Winnipeg tó ń gbèrú lẹ́yìn tí ojú irin dé, àti ọjà ẹja. Wọ́n tún lè gba ìwé ọmọ onílùú, kí wọ́n dìbò. Thomas Johnson tí wọ́n bí ní Iceland di agbẹjọ́rò àgbà Manitoba ní 1917. Àwọn ìran John Ramsay tí òfin kà sí ọmọ ìbílẹ̀ kò lè dìbò àpapọ̀ títí di 1960 láìjẹ́ pé wọ́n kọ ipò ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi àwọn tó ń fi ẹ̀yà wé ẹ̀yà lọ́nà. Nínú ìkànìyàn Kánádà ti 2016, àwọn tó ní ìran Iceland làwọn lé ní 100,000, àwọn ti Croatia lé ní 130,000. Ó jọ pé wọ́n ṣeé gbé sórí ìwọ̀n kan náà. Àmọ́ ìṣíkiri Iceland ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní 1914. Ọmọ-ọmọ-ọmọ àtìpó ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Croatia ṣì ń dé lẹ́yìn 1945, wọ́n dé ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì tún dé nígbà ogun ọdún 1990 sí òkè. Ẹni tó sá fún ìbọn ní 1993, tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́, ni wọ́n ń fi owó oṣù rẹ̀ wé ti ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ní oko láti ọdún 1880. Ìwé àtijọ́ pàápàá ò ràn wá lọ́wọ́, torí wọ́n kọ ọmọ Croatia sílẹ̀ ní "Austria", lẹ́yìn náà ní "Yugoslavia".

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. A fẹ́ràn láti máa sọ pé ọmọ Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà ní oyè yunifásítì ju àwọn onílé lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n físà ló ti ṣẹ́ wọn lẹ́ṣà: akẹ́kọ̀ọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì, àní físà oríire, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà ṣì lè kópa nínú rẹ̀, ó bèèrè ìwé mẹ́wàá tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ìbátan wa kan ti rékọjá òkun yẹn ṣáájú wọn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí, àti sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ṣàngó tí à ń kì ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń kì níbẹ̀. Nígbà tí Brazil fòpin sí oko ẹrú ní 1888, wọn ò fún ẹnì kankan nínú wọn ní ilẹ̀, wọn ò san owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe fún wọn. Lásìkò yẹn gan-an, éékà 160 ni Kánádà ń fún ìdílé Iceland kọ̀ọ̀kan.